Ṣé kòkòrò rere wà nínú gààrí Ìjẹ̀bú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ra oògùn kan ní kẹ́míìsì, wọ́n ní kòkòrò rere tí ń tún ìfun ṣe ló wà nínú rẹ̀. Owó tó san lé e lórí pọ̀ débi pé inú bí mi. Mo sọ fún un pé ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrí Ìjẹ̀bú máa ń wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó kan, àti pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ló ń mú un kan. Àwa tí a ti ń mu gààrí láti kékeré, kí ni a tún ń wá lọ sí kẹ́míìsì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́, òótọ́ sì ni pé àwọn ló ń mú ẹ̀gẹ́ kan: wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n bá ti fi jákì fún omi rẹ̀ tán, tí wọ́n sì jọ̀ ọ́, orí agbada ló ń lọ. Iná agbada yẹn ti pa wọ́n kí gààrí tó dé inú àpò. Kíkan wọn ni à ń mu, àwọn fúnra wọn ti kú.

Ìyá Onígààrí Òkè-Àgbò: Ọmọ mi, o sọ òótọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yan gààrí. Bí agbada bá gbóná tó bó ṣe yẹ, èéfín ni yóò máa bo ojú ẹni, igbá tí a fi ń rò ó kò sì gbọdọ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dì mọ́ra, yóò sì jóná. N kò rò pé ohun ẹlẹ́mìí kankan lè yọ nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò kò wúlò. Ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, a kì í sì í kánjú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè: Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá wa. Sáyánáídì ni oró náà. Bí a ṣe lọ ẹ̀gẹ́ kúnná, tí a jẹ́ kó kan, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì yan án, ni èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà ṣe ń bá omi àti èéfín lọ. Nítorí náà àwọn kòkòrò yẹn ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n ìta ara wa ni wọ́n ti ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún nìyí. Gbogbo yín ń béèrè ibi tí a ti lè rí kòkòrò rere gbé mì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kún inú wa tẹ́lẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní 2016 ni pé wọ́n tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 nínú àgbàlagbà kan, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn fúnra rẹ̀ tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó sọ pé wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì wa lọ kò dúró mọ́. Inú ìfun ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, kí ni à ń fún wọn jẹ? Oúnjẹ wọn ni fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ìfun kékeré kò lè dà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wo ẹ̀wà: afẹ́fẹ́ tó ń kún inú wa lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán, àwọn kòkòrò yìí ló ń dá a sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀wà tí àwa kò lè dà. Wọ́n tún ń ṣe ásíìdì kan tí à ń pè ní butyrate, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá ń lò jù láti fi ní agbára.

Ní 2015, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí mo máa ń sọ fún àwọn aláìsàn wa. Wọ́n mú ogún ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà àti ogún ará oko ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Butyrate pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ oúnjẹ oko, àwọn àmì tó jẹ mọ́ ewu àrùn jẹjẹrẹ ìfun sì dínkù lára wọn. Lára àwọn ará oko tó ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré o!

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Mo gbà pé iná ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì wa sọ yìí tún gbè mí. Oúnjẹ oko náà ni oúnjẹ wa: ìkọ́kọrẹ́, èbìrìpò, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ lóríṣiríṣi.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni ẹ jẹ ẹ̀fọ́ kẹ́yìn? Ohun tí mò ń rí ní ọ̀dọ̀ wa ni gààrí oníṣúgà ní ọ̀sán, búrẹ́dì ní àárọ̀ àti nudúù ní alẹ́. Èyí kì í ṣe èébú o. Bí iṣẹ́ ṣe ń lé wa ló fà á.

Bàbá Ìlíṣàn: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Èmi fẹ́ sọ ti oògùn apakòkòrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí inú bá ti ń run mí díẹ̀, màá ra kóró mẹ́rin tàbí márùn-ún, màá lò ó fún ọjọ́ méjì, màá sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru mú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Dókítà tó tọ́jú mi sọ pé mo ti pa àwọn tí ń ṣọ́ ilé, olè sì wọlé. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní C. difficile tó máa ń gba ìfun nígbà tí oògùn apakòkòrò bá ti pa àwọn yòókù. Ní Netherlands, wọ́n gbé omi tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá gba ọ̀pá wọ ìfun àwọn mẹ́rìndínlógún tí àrùn náà ń padà mú léraléra. Àwọn mẹ́tàlá sàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, méjì tún sàn nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. 2013 ni àbájáde yẹn jáde. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìgbẹ́ ènìyàn ṣe. Mo mọ̀ pé ó ń kóni nírìíra, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nílé, nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fún ni ní ìgbẹ́ náà kì í ṣe kékeré.

Ìyá Ológì Ìpẹru: Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ omi ògì. Òun kò fojú kan iná rárá. Omi orí ògì tútù ni ìyá mi fi ń wo ìgbẹ́ gbuuru wa, òun náà ni mo fi wo àwọn ọmọ mi, gbogbo wọn ló sì wà láàyè. Ṣé kòkòrò inú tiwa náà ti kú ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè: Rárá, mà. Wọ́n wà láàyè níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Kíkan wọn kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú ráyè. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó sún mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá jù nínú oúnjẹ wa, omi ògì ni mo máa sọ. Ẹ̀kọ gbígbóná kọ́ o, nítorí iná ti dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Níbí ni mo ti ní láti ta kò yín, ìyá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tó ń pa ọmọ tó ń ṣu gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára rẹ̀. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, nínú omi mímọ́ lítà kan: òun ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fún un mu, lẹ́yìn náà oògùn síńkì. Omi kànga tí a kò sè, tí a fi sẹ́ ògì, lè gbé àrùn mìíràn wá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sì gbọdọ̀ mu omi ògì rárá, ọmú nìkan ni. Inú wàrà ìyá ni ọ̀pọ̀ ṣúgà kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà; kòkòrò inú ìfun ọmọ ni Ọlọ́run ṣe é fún. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní pé ara ìyá ń pèsè oúnjẹ fún wọn.

Ìyá Ológì Ìpẹru: Mo gbọ́ ti iyọ̀ àti ṣúgà, mo sì gbà á. Ti omi náà, mo gbà. Láti ọjà tó ń bọ̀, omi tí mo sè tí mo sì jẹ́ kó tutù ni n ó fi máa sẹ́ ògì àwọn tó bá sọ fún mi pé ọmọdé ló máa mu omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ti ń sáré kiri ilé yóò ṣì máa mu omi ògì ní ọwọ́ mi, nọ́ọ̀sì.