Àga Bàbá Kò Gbọdọ̀ Tutù

Ní Jàpáànù, bí bàbá bá kú tó fi dúkìá rẹpẹtẹ sílẹ̀, ìjọba a máa bá àwọn ọmọ pín in. Owó orí ogún lè gòkè dé ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú kò ní fi ilé sílẹ̀ fún un. Àga aṣòfin ni yóò fi sílẹ̀. Àga kì í san owó orí, òrùlé rẹ̀ kì í jò, mọ̀lẹ́bí kò sì lè ní kí wọ́n là á sí méjì.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní ohun mẹ́ta ni àrólé ń gbà: jiban, kanban àti kaban. Èkíní ni àwọn èèyàn ẹkùn ìdìbò, èkejì ni orúkọ, ẹ̀kẹta ni báàgì owó. Ọmọ tálákà lè fi ogún ọdún wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó má rí ìkankan. Àrólé á kàn jí láàárọ̀, á bá a lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú jiban. Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní koenkai ló dì í mú: àwọn onísọ́ọ̀bù, àwọn kọngílá tó ń ṣe ọ̀nà, àwọn àgbà àdúgbò tí bàbá ti bá ṣe ìgbéyàwó, tó ti bá sìnkú. Bí bàbá bá ní òun fẹ́ sinmi, àyà wọn á já. Bí àjèjì bá gorí àga, ta ni yóò rántí afárá tí wọ́n ṣèlérí fún wọn? Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á lọ bẹ ọmọ. Ọmọ á kọ́kọ́ kọ̀ díẹ̀, torí ọmọlúàbí ni, lẹ́yìn náà á gbà. Ó sábà máa ń jẹ́ pé akọ̀wé bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ikú bá sì dé lójijì, iṣẹ́ tún rọrùn sí i, ẹkún nìkan tó ìpolongo. Obuchi Keizo, tí àìsàn gbé kúrò nípò olóòtú ìjọba, kú lóṣù karùn-ún ọdún 2000. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà, Yuko ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 26, ti wọlé.

Ti orúkọ ńkọ́? Wọn kì í tẹ̀ka níbẹ̀. Pẹ́ńsù ni olùdìbò fi ń kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sórí ìwé ìdìbò. Orúkọ tí ọwọ́ ti ń kọ fún ogójì ọdún, ọwọ́ á tún un kọ kí orí tó ronú. Ìdí nìyẹn tí orúkọ kò fi gbọdọ̀ parun. Koizumi Matajiro, mínísítà tó fín gbogbo ara, gba àna sílé, àna náà sì gbé orúkọ ìdílé tirẹ̀ sílẹ̀, ó di Koizumi Junya. Junya ló bí Junichiro, olóòtú ìjọba láti 2001 dé 2006, ẹni tó ń pariwo pé òun yóò fọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, LDP, túútúú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé àga ẹkùn Yokosuka fún Shinjiro, ọmọ rẹ̀ kejì, tó wọlé lọ́dún 2009. Ẹgbẹ́ ló ní òun á fọ́, kò mẹ́nu ba àga ilé.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ Yamaguchi ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kishi Nobusuke àti Sato Eisaku jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àwọn méjèèjì sì ṣe olóòtú ìjọba. Ọmọ-ọmọ Kishi ni Abe Shinzo. Wọ́n gbé Nobuo àbúrò rẹ̀ fún ilé Kishi láti kékeré. Ó di ọmọ ìyá méjì, orúkọ ìdílé méjì, àga méjì. Nígbà tí Nobuchiyo ọmọ Nobuo fẹ́ gba àga bàbá rẹ̀ lọ́dún 2023, ó gbé àwòrán ìran wọn síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè ka iye olóòtú ìjọba tó wà níbẹ̀. Aráàlú fárí gá, ó yára yọ ọ́ kúrò. Lóṣù kẹrin, ó wọlé. Oyè ìdílé kò le, oríkì ẹnu ẹni ni wọ́n ń kọ̀.

Báàgì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Owó tó wà nínú àjọ òṣèlú bàbá lè bọ́ sí ti ọmọ láìsan kọ́bọ̀ owó orí, òfin ò kọ̀ ọ́. Síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ìyá Hatoyama Yukio, olóòtú ìjọba nígbà kan, jẹ́ ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ táyà Bridgestone sílẹ̀; ó máa ń fún ọmọ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 15 yen lóṣooṣù nígbà náà. Nínú ìwé ìṣirò, orúkọ àwọn òkú ló wà gẹ́gẹ́ bí olùdáwó. Hatoyama ní òun ò mọ̀. Ní ti Yuko ọmọ Obuchi, nígbà tí wàhálà owó dé lọ́dún 2014, wọ́n bá hard disk ọ́fíìsì tó ti ní ihò. Ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń lu igi ni wọ́n fi lu ú.

Ọmọ náà lè ba ọjà jẹ́. Olóòtú ìjọba Kishida fi ọmọ rẹ̀ ṣe akọ̀wé; ọmọ pe mọ̀lẹ́bí síbi àríyá nílé ìjọba, wọ́n ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn, fọ́tò jáde lóṣù karùn-ún 2023, iṣẹ́ bọ́. Ti Nikai Toshihiro, àgbà ẹgbẹ́ LDP, ló dùn mí jù: ó fẹ̀yìntì, ó gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ ní Wakayama lọ́dún 2024, Seko Hiroshige sì fẹ̀yìn ọmọ náà gbálẹ̀. Àrólé ni Seko náà.

Ṣáájú ọdún 2024, bí ọmọ bá wọ Tokyo, igun ló kàn. Igun nínú ẹgbẹ́ LDP ni afọbajẹ: ọ̀gá á kó orí àwọn aṣòfin jọ, á fi orí ra ipò mínísítà, á pín in fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé jẹun. Owó mochi, ìyẹn àkàrà ìrẹsì, ń wá lásìkò òtútù, owó yìnyín nígbà ooru. Owó náà ń ti inú àríyá wá, tíkẹ́ẹ̀tì kan 20,000 yen. Wọ́n á bu iye kan fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan láti tà. Èyí tó bá tà lé e, wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún un, wọ́n á ní kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Igun Abe nìkan ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 675 yen láàárín 2018 sí 2022. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, àwọn akọ̀wé owó àti aṣòfin mélòó kan ló kó sí i. Àwọn ọ̀gá kò mọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀gá kì í mọ̀.

Lóṣù kìíní 2024, Kishida tú igun tirẹ̀ ká, èyí tí Ikeda dá sílẹ̀ lọ́dún 1957. Igun Abe àti ti Nikai tẹ̀ lé e. Aso Taro, ọmọ-ọmọ olóòtú ìjọba Yoshida àti àna olóòtú ìjọba Suzuki Zenko, ní òun ò tú nǹkan kan ká. Lóṣù kẹwàá 2025, Takaichi Sanae di olórí ẹgbẹ́. Bàbá rẹ̀ kò ṣe òṣèlú rí, ẹnu ya aráyé. Ó fi Aso ṣe igbákejì olórí ẹgbẹ́, ó sì fi Suzuki Shunichi ṣe akọ̀wé àgbà. Shunichi jẹ́ ọmọ Zenko, ọmọ igun Aso, àti àbúrò ìyàwó Aso.