Ìbínú ọmọdé Kylo Ren kò bà á jẹ́ lójú tèmi
Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí ẹ kọ pé Kylo Ren, ọ̀dájú inú àwọn fíìmù Star Wars tí Adam Driver ṣe láti 2015 sí 2019, kò tó ẹni à ń bẹ̀rù nítorí pé ó ń bínú bí ọmọdé. Òótọ́ ni pé nígbà tí Rey, ọmọbìnrin tó mú ní ìgbèkùn, sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ńṣe ló fi idà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣá yàrá tó tì í mọ́ wómúwómú, tí ọmọ ogun méjì tó ń bọ̀ sì rọra yí padà (èmi náà rẹ́rìn-ín). Síbẹ̀, ta ni kò ní bẹ̀rù ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tí agbára bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbòjú ni Darth Vader, bàbá ìyá rẹ̀, fi ń mí. Kylo náà ń lo ìbòjú, ṣùgbọ́n kò nílò rẹ̀ rárá, ó kàn fẹ́ jọ Vader ni, ó tilẹ̀ ń bá akoto Vader tó ti jóná sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó wá fi omijé lójú gún Han Solo, bàbá tó bí i, lórí afárá, n kò rántí ẹ̀rín yẹn mọ́. Ohun tó dùn mí ni bí fíìmù 2019 ṣe sáré sọ ọ́ di ẹni rere.