Àtúnṣe: Ìnàkí Kò Tíì Tán Nínú Igbó Wa

Ẹnìkan kọ ọ́ pé ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ìnàkí (chimpanzee) àti ọ̀bọ kò kan àwa ará Àkúrẹ́, pé ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, àti pé ìnàkí ti tán nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Uganda ni International Primatological Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, ti ṣe ìpàdé àgbáyé rẹ̀ lọ́dún 2006, Nairobi ní Kẹ́ńyà sì ni ti ọdún 2018; ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ni méjèèjì.

Ní ti ìnàkí fúnra rẹ̀, ó ṣì wà nínú igbó Ìdànrè, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn onímọ̀ sì kà á mọ́ irú tí kò sí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí a bá ń tan ìròyìn pé ó ti tán, kò sẹ́ni tí yóò bìkítà nígbà tí àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń ro oko kòkó bá ń jẹ igbó náà run, tí ọdẹ sì ń yìnbọn nínú rẹ̀. Abo ìnàkí kì í sì í sábà bí ju ọmọ kan lọ láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún.