Kí ló dé tí libvirt kò lè sọ ibi tó ń wò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ libvirt, ètò tó ń darí virtual machine (VM, kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) lórí Linux, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Èèyàn fi virt-manager, irinṣẹ́ tó ní fèrèsé, dá virtual machine sílẹ̀, ó gbé Debian (oríṣi Linux kan) sí i, ó tò ó dáadáa, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere. Ó wá ṣí tẹ́mínà, ó tẹ “virsh list --all” láti wò ó (virsh ni irinṣẹ́ libvirt tí a ń tẹ àṣẹ sí). Kí ló rí? Orí àtẹ lásán: Id, Name, State. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ mọ ohun tó fà á. Ojúlé méjì ni libvirt ní sí QEMU, ètò tó ń mú VM ṣiṣẹ́ gan-an: qemu:///system tó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, àti qemu:///session tó jẹ́ ti aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan. System ni virt-manager sábà máa ń lọ. Virsh ní tiẹ̀, tí kì í bá ti í ṣe root (alákòóso ẹ̀rọ) ló pè é, session ló ń gbà lọ. Irinṣẹ́ méjì tó ń bá libvirt kan náà sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ń wò kò pa pọ̀, kò sì sí èyí tó máa sọ fún yín. Bí ẹni tó ní yàrá ẹrù méjì ni, tí ẹ ní kó gbé ẹrù yín wá, tó ṣí èyí tó ṣófo, tó wá ń sọ pé ẹ kò kó ẹrù kankan sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ẹni tí kò mọ̀ á gbà pé VM òun ti sọnù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pa fáìlì ISO tó fi gbé Debian sí i rẹ́, á tún un wà jáde, owó dátà á sì tún jóná. Bẹ́ẹ̀ “virsh -c qemu:///system list --all” ni gbogbo oògùn ẹ̀, tàbí kó to LIBVIRT_DEFAULT_URI, tó ń sọ ojúlé tí virsh máa gbà, sínú .bashrc, fáìlì ìtò tẹ́mínà. Ẹ má sọ fún mi pé ó wà nínú ìwé ìtọ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ session wà, kí ló fẹ́ wá nínú ìwé?

Ẹ tún gbọ́ ti fáìlì dísíìkì. Èèyàn gbé qcow2 (fáìlì dísíìkì VM) sínú fódà ilé rẹ̀ torí pé àyè kò sí mọ́ lábẹ́ /var, VM kọ̀, kò tan. “Cannot access storage file”, “as uid:64055”, “Permission denied”. Ta ló ń jẹ́ 64055? Ẹ ò lè kọ orúkọ rẹ̀ ni? libvirt-qemu ni, òun ni aṣàmúlò tí QEMU ń lò lórí Debian àti Ubuntu. Fáìlì yẹn gan-an lè má ní àrùn kankan. Fódà tó wà lókè rẹ̀ ló dí ọ̀nà, torí láti Ubuntu 21.04 ni fódà ilé tuntun ti ń jẹ́ 750, tí ẹlòmíì kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn kò dárúkọ fódà náà rárá! Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi ń tẹ chmod 777 (àṣẹ tó ń ṣí fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo ayé) káàkiri, tàbí kí wọ́n lọ sínú qemu.conf, fáìlì ìtò, kí wọ́n ní kí QEMU máa ṣiṣẹ́ bíi root. Ààbò tí ẹ fi làágùn kọ́, àìsọ̀rọ̀ yín ló ń jẹ́ kí wọ́n tú u dànù.

“network 'default' is not active”, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì VM kò tíì tan, tiẹ̀ sàn díẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kó fi “virsh net-start default” kún un, ṣé ó pọ̀ jù?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé iṣẹ́ yín dára. Láti 2005 ni ẹ ti ń ṣe é, àṣẹ kan náà ń darí KVM, Xen àti LXC, ọ̀nà oríṣiríṣi láti pín ẹ̀rọ kan, OpenStack tí wọ́n fi ń kọ́ cloud pàápàá gbára lé e. Ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn kò lè sọ pé ìlà kan ló ṣòro. Bí session bá ṣófo, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ: session ni mo wò, ẹ yẹ qemu:///system wò. Bí ẹ bá sì sọ pé skrípítì àwọn èèyàn ń ka àbájáde yẹn, ẹ kọ ọ́ sí stderr, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe ń gbà jáde.