Pípẹ́ ọdún kò sọ ìwádìí kékeré di ẹ̀rí

"Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn aláìsàn náà, ara wọn sì le koko. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde bí ìròyìn ìtọ́jú tuntun kan bá ti gbòde. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè. Ó bọ́gbọ́n mu létí pé oògùn tó pẹ́ lára tí kò ṣe ibi ti yege. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, irú èrò báyìí sì ti gba ẹ̀mí.

Iṣẹ́ ìwádìí àkọ́dánwò, ìyẹn ìwádìí kékeré tó ń ṣáájú ìwádìí ńlá, kò ju kí a mọ̀ bóyá ìwádìí ńlá náà ṣeé ṣe. Ṣé àwọn aláìsàn á gbà láti kópa? Ṣé wọ́n á máa lo oògùn bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì máa padà wá fún àyẹ̀wò? Ènìyàn 20 tàbí 30 tó láti dáhùn ìyẹn. Lọ́dún 2016, ìlànà CONSORT, tí àwọn olùṣèwádìí ń tẹ̀ lé láti kọ àbọ̀ iṣẹ́ wọn, ní àfikún fún irú ìwádìí yìí, ohun tó sì tẹnu mọ́ nìyẹn: bóyá iṣẹ́ ńlá ṣeé ṣe ni kí wọ́n fi wádìí, kì í ṣe láti fi kéde pé oògùn ń wo àrùn sàn.

Ìṣirò kékeré kan wà tó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn ìlera mọ̀. Bí ènìyàn 30 bá lo oògùn kan tí ewu kan pàtó kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹ fi 30 pín 3. Ohun tó jáde ni 10 nínú 100: ewu náà ṣì lè máa ṣe ènìyàn tó tó 10 nínú 100, kó kàn jẹ́ pé kò bọ́ sórí àwọn 30 tiyín. Kí ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ju 1 nínú 100 lọ, 300 ènìyàn lẹ nílò. Ẹ sì lè ṣọ́ àwọn 30 fún ogún ọdún, wọn ò ní di 300.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1990. Lẹ́yìn tí àrùn ọkàn bá kọ lu ènìyàn, ọkàn àwọn kan máa ń lù ségesège, irú wọn sì máa ń kú lójijì ju àwọn yòókù lọ. Àwọn dókítà rò ó pé bí àwọn bá dá ìlù ségesège yẹn dúró, ẹ̀mí á gùn. Ìwádìí àkọ́dánwò kan tí wọ́n ń pè ní CAPS kó ènìyàn bíi 500 jọ, ó ṣọ́ wọn fún ọdún kan, ó sì rí i pé encainide àti flecainide ń dá ìlù náà dúró dáadáa. Nígbà tí ìwádìí ńlá, CAST, wá fi kèké pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, wọ́n ní láti dá apá ti oògùn méjèèjì yìí dúró lọ́dún 1989. Àbọ̀ tó jáde lọ́dún 1991 sọ pé nínú ènìyàn 755 tó lo oògùn, 63 kú. Nínú 743 tó gbé hóró tí kò ní oògùn nínú mì, 26 ló kú. Àkọ́dánwò yẹn kò purọ́ o. Ìlù ségesège dúró lóòótọ́. Bóyá ẹni tó ni ọkàn yẹn á yè ni wọn ò tíì wádìí.

Àìsí ẹni tí a lè fi wéra tún burú ju ìyẹn lọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1999, wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní oògùn tó lágbára kọjá ààlà, wọ́n á sì dá mùdùnmúdùn eegun padà sí wọn lára lẹ́yìn rẹ̀. Èsì àwọn ìwádìí kékeré dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn àtijọ́ ni wọ́n fi ń wé àwọn obìnrin yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ara wọn ṣì gbé e ni wọ́n yàn fún ìtọ́jú náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti la ìyà yẹn kọjá kí ìwádìí tó fi kèké pín ènìyàn tó dé. Èyí tó ṣeé gbára lé nínú wọn kò fi hàn pé ẹ̀mí wọ́n gùn ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti àwọn tó pòórá náà tún wà níbẹ̀. Ká sọ pé 30 ló bẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ pé 18 péré ni wọ́n ṣì rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí ara 15 nínú wọn le. Àbọ̀ ìwádìí lè kà á sí 15 nínú 18. Àwọn 12 yòókù ńkọ́? Òmíràn ti kó lọ síbòmíràn, òmíràn ti kú. Bí ọdún ṣe ń gùn sí i ni iye wọn ń pọ̀ sí i.

Ṣé ká wá má ṣọ́ aláìsàn pẹ́ mọ́? Rárá! Ní Paris, láti ọdún 1999, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí láìní agbára tí ara fi ń dènà àrùn, wọ́n fi ẹ̀dà pípé ti àbùdá (gene) tó ní àbùkù lára wọn sínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun wọn. London náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ àwọn ọmọ náà jẹ́ 20, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti àrùn. Níbí, iye kékeré yẹn tó láti sọ pé ìtọ́jú ṣiṣẹ́, nítorí láìsí ìtọ́jú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà pé ọdún méjì láyé. Àrùn tó rí báyìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n márùn-ún nínú wọn ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan sì kú. Kò sí èyí tó yọjú lọ́dún àkọ́kọ́: ti ọmọ àkọ́kọ́ ní Paris gba nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gbé àbùdá wọlé ló bọ́ sí ibi tí kò yẹ, tó sì jí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn olùṣèwádìí tún fáírọ́ọ̀sì náà ṣe, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ń dámọ̀ràn báyìí pé kí wọ́n ṣọ́ ẹni tó bá gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó tó 15.