John Wayne kò rú òfin, ṣùgbọ́n kì í ṣe akọni ogun

Ẹni tó ní Wayne, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà nì, sá fún ogun àti ẹni tó ń pè é ní akọni ogun, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní December 1941, ọmọ ọdún 34 ni, ó sì ní ọmọ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí òfin ìpeni-sógun fi fún un ní 3-A, ipò ẹni tí ìdílé gbára lé, tí wọ́n dá sí. Ní 1944 wọ́n yí i sí 1-A, ìyẹn ẹni tí wọ́n lè pè nígbàkigbà. Iléeṣẹ́ fíìmù Republic ló bá a bẹ̀bẹ̀, ó bá di 2-A, ìyẹn ẹni tí wọ́n dá sí nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ dá àwọn ọmọ ogun lára yá ní Pàsífíìkì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ní kéèyàn má fínnúfíndọ̀ lọ o! Henry Fonda, òṣèré bíi tirẹ̀, dàgbà jù ú lọ, òun náà lọ́mọ nílé, síbẹ̀ ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. James Stewart, òṣèré mìíràn, wa ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù B-24 lọ sójú ìjà ní ìgbà 20.

Ti 1971 ló burú jù lójú tèmi. Ó sọ fún ìwé ìròyìn Playboy pé kí aláwọ̀ funfun máa jẹ ọ̀gá títí àwọn èèyàn dúdú yóò fi kàwé débi tí wọ́n á lè gba ojúṣe. Ẹ má sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, tó de ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Amẹ́ríkà, ti pé ọdún méje! Orúkọ rẹ̀ kò yẹ lára pápákọ̀ òfuurufú Orange County ní California, tí gbogbo àwọ̀ ń gbà kọjá.