Omi iyọ̀ kọ́ ló ń tú pajápajá

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́jọ́ Àìkú, ní pápá kan ní Òmù-Àrán, pajápajá mú ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, kóòṣì sì sáré bu iyọ̀ ṣíbí kan sínú ife omi: "Gbé e mu, iyọ̀ ló tán lára ẹ. Iyọ̀ ni iná inú iṣan." Àwọn àgbà tó dúró níbẹ̀ ń mi orí. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, ohun kan náà ni mò ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú iṣan ọ̀hún. Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀, ìta sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di iṣan, ló pọ̀ sí: nǹkan bí 145 mílímóòlù nínú lítà kan níta, nǹkan bí 12 péré nínú (mílímóòlù ni wọ́n fi ń ka èròjà tó wà nínú omi). Ohun kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń tì í jáde tọ̀sán tòru. Bó bá ti mẹ́ta síta, á gba pòtásíọ̀mù, èròjà mìíràn tó jọ ọ́, méjì wọlé. Jens Skou, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1957, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Bí iṣan bá ń sinmi, iná mànàmáná inú sẹ́ẹ̀lì máa ń fi nǹkan bí 90 mílífóòtì, ìwọ̀n iná tó kéré gan-an, rẹlẹ̀ sí ti ìta, pòtásíọ̀mù tó ń yọ́ jáde ló sì fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tí àṣẹ bá ti ọpọlọ dé ni ọ̀nà sódíọ̀mù ń ṣí, tí ó sì ń padé kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Èyí tó ráyè wọlé lẹ́ẹ̀kan kò tó nǹkan kan lára ohun tó wà níta. Kíndìnrín ló sì ń ṣọ́ sódíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, láàárín 135 sí 145 mílímóòlù nínú lítà kan. Ife omi iyọ̀ kan kò lè fi iná kún iṣan.

Iṣan ni mò ń fọwọ́ tọ́jú, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, màá fà á wá sápá ojúgun, màá fọwọ́ kejì gbé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà dúró. Ẹran tó le gbagidi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi kí ẹni náà tó dákẹ́ igbe. Iyọ̀ wo ló lá? Ní 2010, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná fa pajápajá sí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin, wọ́n wá fún wọn ní omi kíkan oníyọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú kùkúḿbà. Pajápajá náà tètè tú, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kí iyọ̀ tó lè dénú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀fun ló gbọ́ kíkan náà, tó sì ránṣẹ́ sí iṣan.

Àwọn tó gba omi iyọ̀ gbọ́ á ní bàbá àwọn mu ún, pajápajá sì lọ. Pajápajá kì í pẹ́ kó tó lọ fúnra rẹ̀ ná.

Mo gbà pé ẹni tó laagùn látàárọ̀ dalẹ́ nídìí iná, tó ń mu omi lásán, iyọ̀ lè dín lára rẹ̀, tí iṣan á fi máa fà á. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan kọ́ nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ṣíbí tíì kan nìyẹn. Ṣíbí tí kóòṣì bù sínú ife yẹn ti kún un tán, ohun kan náà ni wọ́n sì ń fún àwọn bàbá tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru.